Bí wọ́n ṣe ń to avance à l'allumage lára ọkọ̀ àtijọ́

Ọkọ̀ àtijọ́ ò tíì parí iṣẹ́ lágbègbè wa. Ẹ dúró sẹ́bàá títì tó ti Cotonou lọ sí Parakou, níbi tó ti gba Tchaourou kọjá, ẹ ó rí Peugeot 504 bâchée tó ru iṣu tàbí kajú, tí èèyàn tún jókòó lé ẹrù lórí. Ọdún 1968 ni Peugeot gbé 504 jáde, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ṣí ní Kaduna ní Nàìjíríà lọ́dún 1975 náà sì tò ó fún ọdún púpọ̀. Irú ọkọ̀ yìí kan náà ló ń gbé aboyún lọ sí centre de santé lóru. Tó bá wá ń gbóná, tí kò lágbára, tó ń mu essence bí omi, wọn á ní carburateur ló bàjẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, carburateur ò mọ nǹkan kan: avance à l'allumage ni kò sí níbi tó yẹ kó wà.

Kí ni avance ọ̀hún? Nínú cylindre, piston ń gòkè, ó ń fún afẹ́fẹ́ àti essence pọ̀. Bougie á tanná sí i, iná á gbé piston wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìgbà tí piston bá dé òkè pátápátá ni bougie ń tanná. Rárá o. Ẹni tó bá ti sun oko rí lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀ mọ̀ pé iná tí a ràn létí oko kì í dé òdìkejì lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú cylindre. Ká pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà 1.000: iná yẹn ń gba nǹkan bíi méjì tàbí mẹ́ta nínú rẹ̀ kó tó ràn tán. Ó dà bíi pé kò tó nǹkan, àbí? Ṣùgbọ́n bí moteur bá ń yí ní ìgbà 900 ní ìṣẹ́jú kan, ó ń lọ ju degré 5 lọ nínú ọ̀kan péré nínú ìdá 1.000 yẹn, tó bá ń yí ní 3.000, degré 18 ni. Nítorí náà, bougie gbọ́dọ̀ tanná kí piston tó dé òkè. Iye degré tó fi ṣáájú ni avance.

Bí moteur bá ṣe ń sáré sí i ni avance gbọ́dọ̀ máa pọ̀ sí i. Nínú Ford T, tí wọ́n ṣe láti 1908 dé 1927, awakọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń fi ọ̀pá kékeré kan lábẹ́ volant ṣe é. Nínú ọkọ̀ tiwa, delco ló ń ṣe é: irin wúwo kékeré méjì tí wọ́n ń pè ní masselottes wà nínú rẹ̀, àti capsule tí túùbù so mọ́ carburateur. Ibi tí avance ti bẹ̀rẹ̀ nìkan ni à ń tò. Delco á ṣe ìyókù.

Tí iná bá yá jù, ẹ ó gbọ́ ariwo bíi òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń mì nínú agolo nígbà tí ọkọ̀ bá ru ẹrù gun òkè. Cliquetis nìyẹn. Ẹ má fojú kéré rẹ̀, ó lè jó piston lu. Tí iná bá pẹ́ jù, ọkọ̀ á rọ, á gbóná, á máa dún gbàù nínú échappement.

Ọ̀rọ̀ essence tún wà níbẹ̀. Wọ́n ṣe àwọn moteur yìí nígbà tí plomb ṣì wà nínú super, plomb ló sì ń dí cliquetis lọ́wọ́. Ní Dakar, ní oṣù kẹfà ọdún 2001, àwọn ìjọba Áfíríkà gbà láti yọ ọ́ kúrò, torí ó ń ba ọpọlọ àwọn ọmọ jẹ́. Nígbà tí 2005 fi máa parí, ó ti kúrò ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ wa. Super tó dáa lóde òní kò burú. Kpayo inú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà ni èmi ò fọkàn tán. Tí wọ́n bá da pétrole mọ́ ọn, cliquetis dé nìyẹn. Ẹni tí kò bá rí òmíràn rà lè dín avance kù ní degré kan tàbí méjì. Agbára ọkọ̀ á dín kù díẹ̀, ṣùgbọ́n piston ò ní jó.

Ó yá, iṣẹ́. Ẹ gbé ìgò essence jìnnà, ẹ fi òkúta dí táyà, ẹ fi vitesse sí point mort. Vis platinées ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tò: ẹ nù ún, kí àlàfo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 0,4 mm lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Faransé. Ẹ má ṣe é lẹ́yìn avance o, torí bí àlàfo bá yí, avance náà á yí.

Ẹ wá cylindre nọ́ńbà 1. Ibí yìí ló ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà: lára 504, èyí tó sún mọ́ boîte de vitesses ni nọ́ńbà 1, kì í ṣe èyí tó wà lápá radiateur. Bí wọ́n ṣe ń tanná tẹ̀ léra ni 1-3-4-2. Ẹ yọ bougie rẹ̀, ẹ fi àtàǹpàkò dí ihò náà, kí ẹnì kan máa fọwọ́ yí moteur sí apá tó máa ń yí sí. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń ti ọwọ́ yín, ẹ yí i lọ díẹ̀díẹ̀ títí àmì yóò fi bọ́ sórí iye degré tí ìwé ọkọ̀ náà sọ. Iye yẹn ń tẹ̀ lé irú delco tó wà lára ọkọ̀, ẹ má lọ yá ti aládùúgbò lò. Tẹ́ ẹ bá kọjá àmì, ẹ dá a padà dáadáa sẹ́yìn kẹ́ ẹ tó tún bọ̀.

Ẹ mú ampoule 12 volts kan. Wáyà rẹ̀ kan lọ síbi tí bobine ti so mọ́ delco, èkejì lọ sí masse. Ẹ ṣí contact, ẹ má démarrer. Ẹ tú boulon tó di delco mú, ẹ yí ara delco sí apá tí doigt inú rẹ̀ máa ń yí sí, títí ampoule á fi kú. Wàyí o, ẹ rọra dá a padà sí òdìkejì. Ibi tí ampoule ti ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn gẹ́lẹ́ ni vis platinées ti ṣí, ibẹ̀ sì ni bougie ti ń tanná. Ẹ di boulon síbẹ̀. Ẹ wá yí moteur ní ìgbà méjì gbáko: orí àmì yẹn ni ampoule gbọ́dọ̀ ti tún tàn. Ẹ má fi contact sílẹ̀ pẹ́, bobine á gbóná. Kẹ́ ẹ tó dá bougie padà, ẹ wò ó bóyá doigt kọjú sí wáyà nọ́ńbà 1.

Mécanicien tó bá ní lampe stroboscopique á ṣe é nígbà tí moteur ń ṣiṣẹ́ ní ralenti. Kó kọ́kọ́ yọ túùbù capsule kó dí i, kó sì jẹ́ kí aṣọ jìnnà sí ventilateur.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹrù sí ọkọ̀, ẹ gbé e gun òkè. Cliquetis díẹ̀ tó yára lọ kò léwu. Tó bá ń bá a lọ, ẹ dá avance padà díẹ̀.

Gbogbo ohun tí mo kọ yìí, ọkọ̀ essence tó ní delco pẹ̀lú vis platinées ló wà fún. Ọ̀pọ̀ bâchée ló jẹ́ diesel. Diesel ò ní bougie tó ń tanná báyìí, pompe à injection ni wọ́n ń tò níbẹ̀, iṣẹ́ mìíràn nìyẹn.