Láti Ìwé Ìròhìn 1859 dé fóònù àbúrò mi

Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá àgbà wa ní kí àbúrò mi bá òun ka ìwé ìpè ìgbéyàwó kan tó wá láti Ìbarà. Ọmọ ọdún 12 ni. Ìwé ọ̀hún ò ju ìlà mẹ́wàá lọ, Yorùbá ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Ó ń kà á bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì Ọ̀fàdà. Ọmọ yìí kan náà ló lè gé fídíò, kó fi orin sí i, kó tó ìṣẹ́jú márùn-ún!

Ìyá àgbà ò bú u o. Èmi ni wọ́n wò. Mo sì mọ ìdí ẹ̀. Èmi ni mo máa ń gbé fóònù lé e lọ́wọ́ láti kékeré, kó lè dákẹ́, kí n ráyè ṣe kọ́ńtẹ́ǹtì tèmi.

Màámi ní àwọn máa la fóònù náà mọ́lẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n. Ọkàn mi wá lọ sí ìtàn ìlú wa, torí irú ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì ní Abẹ́òkúta.

Ẹ jẹ́ ká padà sí 1854. Ọdún yẹn ni Henry Townsend, òyìnbó ajíhìnrere CMS, gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ níbí. Nígbà yẹn, kò tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ. Ohun tó wù mí jù nínú ìtàn yẹn nìyí: kó tó tẹ ìwé ìròyìn kankan jáde, ó ti kọ́kọ́ ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ìtẹ̀wé.

Ẹ fojú inú wò ó. Irin pélébé pélébé ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gbẹ́ ẹ lódìlódì bí ohun téèyàn ń wò nínú dígí. Ọmọ iṣẹ́ á mú ọ̀kan, á tò ó, á tún mú òmíràn. Tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yẹn, ọwọ́ ẹ̀ á dúró. Kò sí pé ó fẹ́ fi ìka gbá a kọjá bí àwa ṣe ń ṣe lórí TikTok. Àṣìṣe ẹ̀ á hàn lórí bébà, ọ̀gá á sì pè é padà.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, ní oṣù Kejìlá 1859, Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ tó wá di Nàìjíríà. Owó ẹyọ 120 ni wọ́n ń tà á, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ló ń jáde. Townsend fẹ́ kó mọ́ àwọn èèyàn lára láti máa fi ìwé kíkà wá ìròyìn. Títí dòní, orúkọ ẹ̀ ló wà lára ilé àwọn oníròyìn ní Òkè-Ìléwó. Mélòó nínú wa ló ń kọjá níbẹ̀ láìbéèrè?

Kò dùn délẹ̀ ṣá. Ìjà pẹ̀lú ìjọba òyìnbó tó wà l'Ékòó le dé góńgó, ni Ìfọ́lé 1867 bá ṣẹlẹ̀. Wọ́n kó ilé àwọn ajíhìnrere, wọ́n lé àwọn òyìnbó, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà bá a lọ. Ìwé Ìròhìn kú. Torí náà, Màámi kọ́ ni Ẹ̀gbá àkọ́kọ́ tó máa fẹ́ fọ́ ẹ̀rọ. (Ẹ má fi post yìí hàn wọ́n o.)

Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn Ìwé Ìròhìn, ní 31 oṣù Kẹwàá 1959, WNTV bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn. Ìjọba Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, ọmọ ti kún kíláàsì, olùkọ́ ò sì tó. Ara ohun tí wọ́n fẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n bá wọn ṣe ni kíkọ́ àwọn ọmọ. Èrò tó dáa ni. Àmọ́ tẹlifíṣọ̀n kì í gbọ́ èsì ẹ.

Mo fojú ara mi rí ìyẹn ní 2020. Kòrónà ti gbogbo wa mọ́lé, ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn wá gbé Ogun DigiClass sórí OGTV. Mo gbé àbúrò mi síwájú ẹ̀, mo padà sídìí fóònù mi. Tíṣà á béèrè ìbéèrè, á dúró díẹ̀, á máa bá tiẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan, NEPA mú iná láàárín ìṣirò. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ni mo bá fi kóró àgbálùmọ̀ parí àròpọ̀ náà fún un. Ẹ̀kọ́ yẹn nìkan ló ṣì rántí.

Ọdún yẹn náà ni Ikorodu Bois gbòde. Ọmọdé ni wọ́n, wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ akẹ́rù àti ohun èlò ilé sín fíìmù ńlá jẹ, débi pé Netflix fi irinṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àmọ́ kéèyàn tó sín fíìmù jẹ bẹ́ẹ̀, ó máa wò ó títí, á mọ ibi tí kámẹ́rà dúró sí. Ẹ̀gbọ́n wọn sì wà pẹ̀lú wọn.

Ẹ̀gbọ́n yẹn ló dùn mí.

Torí náà, ní Sátidé, a lọ sí Ìtokú. Mo ní kó ya fídíò àdìrẹ, kó má gbé ojú ara ẹ̀ síbẹ̀, kó sì fi Yorùbá tó ní àmì kọ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀. Ìlà mẹ́fà gbà á ní wákàtí méjì. Ó kọ ọ́ pé ọ̀pá ìko ni wọ́n fi ń di ẹlẹ́kọ. Ìyá àgbà ní irọ́ ni, oníko nìyẹn, ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń ya ẹ̀kọ sára aṣọ. Ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Èèyàn 41 ló wò ó, ìdajì wọn sì jẹ́ mọ̀lẹ́bí. Èmi ò sì rí nǹkan kan gbé jáde fún ọjọ́ méjì.

Ìwé ìpè ìgbéyàwó yẹn ṣì wà lórí tábìlì. Lánàá, ó mú un fúnra ẹ̀. Ó dé ìlà kẹrin kó tó wojú mi.