Òkè lẹ̀ ń wò: Àlàyé lórí ìrìn, iṣan àti ìrora oríkèé

Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́." Ó ní, "Òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀." Níbi àpérò àti ìgbẹ́jọ́ ni òwe yìí ti wọ́pọ̀ jù lónìí, níbi tí ẹni tí ó pa á ti ń rọ àwọn olùgbọ́ pé kí wọ́n wá gbòǹgbò ọ̀ràn kí wọ́n tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ìlò náà tọ́, ṣùgbọ́n ó ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbàgbé pé ọ̀rọ̀ ara ni òwe náà kọ́kọ́ jẹ́, pé ẹnì kan wà nínú rẹ̀ tí ó ru ẹrù, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò gún, tí ó sì mọ ìdí tí ẹrù rẹ̀ fi wọ́ ju àwọn tí ń wò ó lọ. Ẹ̀ka ìmọ̀ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wádìí irú ìdí bẹ́ẹ̀. Bayomẹkáníìsì ni àwọn onímọ̀ ń pè é, èyí tí í ṣe ẹ̀kọ́ nípa ipá tí ń ti eegun, tí ń fa iṣan, tí ó sì ń tẹ oríkèé nígbà tí ènìyàn bá dúró, tí ó bá rìn tàbí tí ó bá gbé nǹkan.

Ẹrù rírù kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ Yewa, láti Ìlaròó dé Ayétòrò, títí lọ dé Ìmẹ̀kọ àti àwọn abúlé tí wọ́n bá orílẹ̀-èdè Benin pààlà. Bí ọkọ̀ àti ọ̀kadà tilẹ̀ ti gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, orí ni ẹ̀gẹ́ ṣì ń gbà kúrò nínú oko tí ọkọ̀ kò lè wọ̀, orí náà ni igi ìdáná àti omi sì ń gbà wọlé. Obìnrin tí ó bá fẹ́ ru apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ yóò lọ́ àkísà ìró pọ̀, yóò ká a rúbútú bí òrùka, yóò sì fi í sí àtàrí gẹ́gẹ́ bí òṣùká. Yóò tẹ orúnkún díẹ̀ kí ẹnì kejì lè gbé apẹ̀rẹ̀ rù ú, yóò nàró láìyára, lẹ́yìn náà ni yóò fi ọwọ́ kan tún ẹrù náà sún síwájú tàbí sẹ́yìn ní ìwọ̀nba ìka kan, títí ọrùn rẹ̀ yóò fi sọ fún un pé ó ti jókòó. Ohun tí ó ń wá nínú gbogbo sísún yìí ni pé kí ìwúwo ẹrù gba àárín ọ̀pá ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀, kí ó sì bọ́ sí àárín ẹsẹ̀ méjèèjì, nítorí bí ó bá yà síbì kan, iṣan ọrùn àti ti ẹ̀yìn ni yóò máa fà á padà ní gbogbo ìṣísẹ̀.

Ní ọdún 1986, ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tí a ń pè ní Nature gbé ìwádìí kan jáde tí G. M. O. Maloiy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, láàárín àwọn obìnrin Luo tí wọ́n ń ru ẹrù sórí àti àwọn obìnrin Kikuyu tí wọ́n ń gbé e sẹ́yìn pẹ̀lú okùn tí ó gba iwájú orí. Wọ́n wọn èémí àwọn obìnrin náà bí wọ́n ti ń rìn, nítorí bí ara bá ti ń ṣiṣẹ́ sí ni ó ṣe ń lo afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sí, wọ́n sì rí i pé ẹrù tí kò ju ìdá márùn-ún ìwúwo ara wọn lọ kò fi nǹkan kan kún agbára tí wọ́n ń ná. Ọdún 1995 ni N. C. Heglund àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó sọ bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Bí ènìyàn bá ń rìn, ẹsẹ̀ tí ó wà nílẹ̀ le bí ọ̀pá, ara sì ń gun orí rẹ̀ kọjá: ara ń ròkè nígbà tí ó bá wà lórí ẹsẹ̀ náà gan-an, ó sì ń wálẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ kejì bá fẹ́ balẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ohun tí ń fì láti ìhà kan sí èkejì. Agbára tí ara fi gòkè ni wíwálẹ̀ ń dá padà fún ìṣísẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Nínú ìrìn ẹni tí kò ru nǹkan, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára yìí ni ó ń padà wúlò, iṣan ni yóò sì wá èyí tó kù. Ṣùgbọ́n ti àwọn obìnrin tí ẹrù ti mọ́ lára ń pọ̀ sí i bí ẹrù wọn ti ń pọ̀ sí i, nítorí wọn kì í jẹ́ kí ìfìsókè-fìsódò náà já láàárín.

Kò yẹ kí inú ẹnikẹ́ni dùn jù sí àbájáde yìí, bí ẹni pé orí obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà ni a dá fún ẹrù. Ní ọdún 2010, Ray Lloyd àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú obìnrin Xhosa 24 ní South Africa, wọn kò sì rí i pé ẹrù orí sàn ju ẹrù ẹ̀yìn lọ ní ti agbára tí ara ń ná. Ohun tí àwọn kan ń rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn mìíràn ń san owó rẹ̀, ọrùn ni ó sì sábà máa ń gba ìwé owó náà. Pé orí lè dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí ẹsẹ̀ ń dárà jẹ́ ohun tí a lè rí lójúkojú nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, eré ilẹ̀ Kétu àti Yewa tí UNESCO kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé, níbi tí oníjó ti ń gbé igi fífín sórí, tí ṣaworo ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń dá ìlù lóhùn. Ṣùgbọ́n ijó kì í ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́.

Ibi tí èsì amúkùn-ún ti jinlẹ̀ jù ni ìbàdí. Ẹni tí ń rìn kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró lọ títí, nítorí nínú ìpín mẹ́wàá àkókò ìrìn, nǹkan bí ìpín mẹ́jọ ni ẹsẹ̀ kan ṣoṣo fi ń gbé gbogbo ara. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ìwúwo ara wà ní àárín, oríkèé ìbàdí sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ara ìbá sì ya lulẹ̀ sí ìhà ẹsẹ̀ tí ó wà lókè bí kò bá sí àwọn iṣan tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí, lókè itan, tí wọ́n ń fa eegun ìbàdí mọ́lẹ̀ láti ìhà òdìkejì. Ibi tí àwọn iṣan wọ̀nyí ti ń fà súnmọ́ oríkèé ju ibi tí ìwúwo ara ti ń tẹ̀ lọ, ẹni tí ó bá sì ti gbé korobá omi mọ́ àyà rí, tí ó tún na korobá kan náà síwájú, mọ ohun tí jíjìnnà ń fi kún ìwúwo. Nítorí náà, iṣan náà gbọ́dọ̀ fà ju ìwúwo ara fúnra rẹ̀ lọ, oríkèé sì ń gba ti iṣan àti ti ara papọ̀. Àwọn oníwádìí ìlú Berlin ní Jámánì, tí G. Bergmann ṣáájú wọn, fi ẹ̀rọ tín-ń-tín tí ń wọn ipá sínú ìbàdí àtọwọ́dá àwọn aláìsàn díẹ̀, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2001: ìrìn jẹ́jẹ́ lásán ń tẹ oríkèé ìbàdí ní nǹkan bí ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ ìwúwo ara. Ẹni tí ó wọn kílò 60 ń gbé nǹkan bí 150 lé oríkèé kan ní gbogbo ìṣísẹ̀, kó tó di pé a gbé apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ rù ú.

Bí iṣan ẹ̀gbẹ́ ìdí bá rọ, yálà nítorí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tí ó ba ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọdé jẹ́ kí a tó kéde ní 2020 pé Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀yà rẹ̀ tí ń jà kiri fúnra rẹ̀, tàbí nítorí pé oríkèé ń dunni, eegun ìbàdí yóò máa wọlẹ̀ sí ìhà kejì, gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ abẹ ará Jámánì náà Friedrich Trendelenburg ti ṣàlàyé rẹ̀ ní 1895. Ara kì í dúró wo ìwọlẹ̀ yìí. Ó máa ń gbé àyà àti orí fì sí orí ẹsẹ̀ tí kò dára náà, kí ìwúwo lè súnmọ́ oríkèé, kí iṣan tí ó rọ má baà ní púpọ̀ láti fà. Ẹrù tí ó wà lórí yóò sì fì pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú èsì amúkùn-ún nìyí, tí àwọn tí ń pa òwe náà kì í sábà kà sí: ẹrù wíwọ́ yẹn ni oògùn tí ara rí. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ tún ẹrù náà ṣe kí ó lè gún, tí kò sì ṣe nǹkan kan sí ẹsẹ̀, ṣe ni ó dá ìnira padà sí oríkèé tí ara ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òtítọ́ ni pé oògùn náà ní iye tirẹ̀, nítorí ẹ̀yìn tí ń fì sọ́tùn-ún sósì láti àárọ̀ dé alẹ́ yóò sọ tẹnu rẹ̀ bó bá yá.

Ọ̀rọ̀ náà "iṣan" fúnra rẹ̀ ń fẹ́ àlàyé, nítorí Yorùbá ń fi í pe ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, ohun tí ń gbé ìmọ̀lára, àti ẹran tí ń fa eegun; ẹran yìí ni ó ṣe pàtàkì jù níhìn-ín. Kì í ṣe kìkì fífà ni iṣẹ́ rẹ̀, ó tún ń ṣe bíréèkì. Ẹni tí ń sọ̀kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ń lo iṣan iwájú itan láti máa tú orúnkún sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí iṣan náà bá sì ti kú nítorí àìlò, eegun rírọ̀ tí ó bo orí eegun nínú orúnkún ni yóò máa gba gbogbo ìjálulẹ̀. Èyí wà lára ohun tí a ń kó pọ̀ pè ní làkúrègbé, tí a sì ń fi àbóníkí ra, lórí orúnkún nìkan, nígbà tí itan tí ó yẹ kí a fún lágbára wà lókè rẹ̀ ní ìwọ̀n ọwọ́ kan. Ní Ìgbó-Ọrà, tí kò jìnnà sí Ayétòrò, Aderonke Akinpelu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn yẹ àwọn ará ìlú tí wọ́n ti pé ẹni ogójì ọdún wò, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009 sì fi hàn pé nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ni làkúrègbé orúnkún ń bá jà. Ní 2007, òun àti àwọn mìíràn ti ṣe òṣùwọ̀n kan fún wíwọn ìnira irú àwọn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ Ìbàdàn pè é, nítorí àwọn òṣùwọ̀n kan tí a ti ilẹ̀ òkèèrè kó wá kì í bi ènìyàn bóyá ó lè kúnlẹ̀ tàbí kí ó lóṣòó, bẹ́ẹ̀ ìnira obìnrin tí kò lè kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀ mọ́ ju ti orúnkún lọ.

Òwe náà kò sì gbọdọ̀ di òfin. Ìgbà mìíràn wà tí ó jẹ́ ìsàlẹ̀ ni a ń wò, tí ọ̀ràn sì wà lókè. Ìrora tí ń gba ẹ̀yìn itan dé gìgísẹ̀ lè jẹ́ láti ibi tí iṣan ìmọ̀lára ti jáde kúrò nínú ọ̀pá ẹ̀yìn. Ọmọ tí ń wọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ nílẹ̀ bí ó ti ń rìn lè jẹ́ ẹni tí abẹ́rẹ́ ba iṣan ńlá inú ìdí jẹ́ fún, ohun tí àwọn oníṣègùn orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti kọ nípa rẹ̀ léraléra. Fọ́tò eegun pàápàá lè tanni jẹ, nítorí ọ̀pọ̀ orúnkún tí ó ti jẹ nínú fọ́tò kì í dun ẹni tí ó ni ín. Ìdí nìyí tí àwọn onífisiotẹ́rápì, tí iṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1945 ní ilé ìwòsàn eegun Igbóbì ní Èkó, tí Yunifásítì Ìbàdàn sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè rẹ̀ ní 1966, fi máa ń ní kí aláìsàn kọ́kọ́ rìn lọ, kí ó rìn bọ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ibi tí ń dùn ún.

Nínú ìmọ̀ràn wọn, ti ọ̀pá ìtilẹ̀ ni ó sábà máa ń ya aláìsàn lẹ́nu jù. Ẹni tí ìbàdí òsì ń dùn yóò na ọwọ́ òsì sí ọ̀pá, nítorí ibẹ̀ ni ó ń dùn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún ni onífisiotẹ́rápì yóò fi í sí. Láti ọ̀tún, tí ó jìnnà sí oríkèé náà, ọ̀pá lè ti ara sókè ní ìhà tí ó fẹ́ wọlẹ̀ sí, ìwọ̀nba ipá ọwọ́ kan níbẹ̀ a sì máa gba púpọ̀ kúrò lọ́rùn iṣan ìdí òsì. Bí ẹni náà bá sì gbọ́dọ̀ ru nǹkan bọ̀ láti oko, ọwọ́ òsì ni ó kù tí yóò fi di ẹrù mú.