Àwọn Opó Tí A Fò Dá: Ìtàn Ìfẹ́ Ará Láàrin Àwọn Àtìpó

Koulouba ni a wà, àdúgbò àtijọ́ kan ní àárín Ouagadougou, níbi tí ààfin gómìnà Faransé wà nígbà ìjọba amúnisìn. Oníṣòwò àti ọmọ oníṣòwò ni ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń sìn níhìn-ín. Àtìpó ni wá láàrin àwọn Mọ́sì, èdè Yorùbá ni a sì fi ń kọrin. Ìfẹ́ ará ni mo fẹ́ kọ ìwé nípa rẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lórí ahọ́n nínú wa. Ṣùgbọ́n ìtàn fi hàn pé ibì kan wà tí ó sábà máa ń dúró sí, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí a jọ wò.

Ìjọ àkọ́kọ́ ní Jerúsálẹ́mù kò tíì dàgbà tí kíkùn fi dé. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ Ọlọ́run ni ó fà á, oúnjẹ ni. A ń fò àwọn opó tí ń sọ èdè Gíríìkì dá nínú ìpínfúnni ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n a ń rántí àwọn opó Hébérù. A kò kà á pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Lójú tèmi, ẹni tí ń pín in kò gbọ́ èdè wọn, kò sì mọ ojúlé wọn. Ẹ wo orúkọ àwọn méje tí a yàn láti tún ọ̀ràn náà ṣe ní Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6: Sítéfánù, Fílípì, Prókórù, Níkánórù, Tímónì, Páménà, Níkólásì. Orúkọ Gíríìkì ni gbogbo wọn! Àwọn tí ń kùn ni ìjọ gbé oúnjẹ lé lọ́wọ́. Nígbà tí ìyàn sì mú ní Jùdíà, láti Áńtíókù, láàrin àwọn Kèfèrí, ni ìrànlọ́wọ́ ti dé.

Ní ilẹ̀ wa, ọjọ́ Ìsinmi, 13 October 1867, ni a fọ́ àwọn ilé ìsìn ní Abẹ́òkúta, tí a sì kó ẹrù inú wọn lọ. Ìfọ́lé ni àwọn baba wa pe ọjọ́ náà. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá sá wá sí Èkó, Gómìnà Glover sì fún wọn ní ilẹ̀ ní Ẹ̀búté Mẹ́tà. Ìwé ìtàn kò gbàgbé gómìnà. Àwọn tí ó tẹ́ ẹní fún àlejò ní alẹ́ àkọ́kọ́ ńkọ́? Síbẹ̀, ẹni tí ó gbọ́ èdè ara wọn ni wọ́n. Ìdánwò tí ó le jù ṣì wà níwájú.

Gánà ni ìdánwò náà ti dé bá wa. Nígbà tí a ṣì ń pè é ní Gold Coast, àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà, Ọ̀fà, Ìgbẹ́tì, Ṣakí àti Ìlọrin ti tàn ká ọjà rẹ̀, láti Kùmásì dé Tamale àti Bawku. Àwọn tí ó jẹ́ Onítẹ̀bọmi nínú wọn kò dúró de míṣọ́nárì. Ibi tí wọ́n ti ń tajà ni wọ́n ti ń pé jọ fún àdúrà; wọ́n dá owó, wọ́n kọ́ ilé ìsìn, wọ́n sì wà lábẹ́ àpapọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi ti Nàìjíríà títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé a máa rí ibi sùn lọ́dọ̀ ará ilé àti ará ìjọ, wọ́n a sì fún un ní ọjà àwìn tí yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a má ṣe fojú kéré èyí. Ìfẹ́ tòótọ́ ni.

Ṣùgbọ́n Yorùbá ni wọ́n fi ń wàásù, Yorùbá ni wọ́n fi ń gbàdúrà. Aládùúgbò Àṣáńtì tàbí Dàgòmbá gbọ́ ohùn orin lójú fèrèsé, kò gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ní 18 November 1969, ìjọba Busia (ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni olórí ìjọba náà pàápàá) pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú jáde láàrin ọjọ́ 14. Ẹni tí ó ti ta ọjà láwìn kò rí gbèsè gbà. Ẹni tí ó kọ́lé ti ilẹ̀kùn, ó sì wọ ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìsìn tí ó kún fọ́fọ́ ṣófo kí Kérésìmesì tó dé. Ìjọ Onítẹ̀bọmi kò parẹ́ ní Gánà, nítorí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà tí ó wà nínú rẹ̀ dì í mú. Ó sì ní àpapọ̀ tirẹ̀ títí di òní. N kò dá àwọn baba wa lẹ́bi. Ẹni tí ń wá oúnjẹ nílẹ̀ àjèjì a máa fara mọ́ ẹni tí ó gbọ́ èdè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ṣí ilẹ̀kùn náà gbòòrò ṣáájú, ẹni mélòó ni ìbá dúró nínú ilé wọ̀nyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n lọ?

Ohun tí ó mú mi ronú báyìí kò jìnnà. Láti bí ọdún 2015 ni àwọn agbébọn ti ń lé ènìyàn kúrò ní àríwá àti ìlà-oòrùn Burkina Faso. Nígbà tí oṣù March 2023 fi parí, àwọn tí ó ti fi ilé wọn sílẹ̀ ju mílíọ̀nù 2 lọ, Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ pọ̀. Ní April 2019 a pa olùṣọ́-àgùntàn kan àti díẹ̀ nínú àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ ní Silgadji, lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ní ọdún tí ó kọjá, opó kan láti àríwá wọ ilé ìsìn wa pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Mòoré nìkan ni ó gbọ́. Ó jókòó lẹ́yìn títí ìsìn fi parí. Ní ìpàdé àwọn alàgbà mo dábàá pé kí a fún un nínú owó àpótí aláìní. Alàgbà kan, ẹni rere, dìde, ó ní orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ìjọ, àti pé àwọn opó tiwa wà nílẹ̀. Òtítọ́ ni, wọ́n wà. Èmi náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, nítorí ọdún 9 ni mo ti lò níhìn-ín tí èdè àwọn onílé kò ju ìkíni lọ lẹ́nu mi. Ọmọbìnrin wa kan tí a bí sí Ouagadougou ni a pè wọlé láti ṣe ògbufọ̀. Láti ẹnu rẹ̀ ni a ti gbọ́ pé díákónì ni ọkọ obìnrin náà ní ìjọ abúlé wọn.

A fún un ní ìrẹsì àti owó ilé oṣù kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó mú ìdílé mẹ́rin mìíràn wá. Àpótí wa kò tó. A ti yan ọmọbìnrin náà mọ́ àwọn tí ń pín in, a sì ti kọ̀wé sí àwọn ẹ̀ka wa nílé. Akápò ń retí èsì.