Ìkòkò, Ìwọ̀n àti Àga: Ìtàn Àwọn Orúkọ Ìdánwò

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ó yẹ kí òwe yìí wà lọ́kàn gbogbo olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kéde fún àwọn ọmọ pé òun yóò dán wọn wò. Ṣé test ni kí ó pè é, tàbí exam, tàbí quiz, tàbí assessment? Àwa Yorùbá a máa kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan, ìdánwò, a sì ń lò wọ́n bí ẹni pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá tú ìtàn wọn wò, a óò rí i pé ọ̀tọ̀ ni ibi tí olúkúlùkù ti ṣẹ̀ wá.

Inú iná ni test ti wá. Testum ni àwọn ará Róòmù ń pe ìkòkò amọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé èdè Gẹ̀ẹ́sì, ohun-èlò àwọn tí ń yẹ wúrà àti fàdákà wò ni ó jẹ́. Wọn a yọ́ fàdákà pọ̀ mọ́ òjé nínú rẹ̀. Òjé a kó ìdàrọ́ wọ ara ohun-èlò náà, ojúlówó fàdákà a sì ṣẹ́kù. Nítorí náà, ẹyọ ohun kan ni à ń fi test wá: ǹjẹ́ ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yìí wọlé bí?

Exam ní tirẹ̀, ti ìwọ̀n ni. Examen ni èdè Látìn ń pe ahọ́n òṣùwọ̀n, èyí tí ń fi hàn bí ìhà méjèèjì bá dọ́gba. Ìwọ̀n kì í wo ojú, kì í sì í gbọ́ àwáwí. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, ó lé ní 1,300 ọdún tí àwọn ọba fi irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ yan ìjòyè, kí a tó pa á tì ní 1905. Ní 1858 ni Yunifásítì Cambridge bẹ̀rẹ̀ sí dán àwọn ọmọ iléèwé káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wò. Ìwé-ẹ̀rí Cambridge yìí ni àwọn baba wa wá ń lé kiri, títí a fi dá ìgbìmọ̀ WAEC sílẹ̀ ní 1952. Ọjọ́ díẹ̀ ni exam, ọ̀pọ̀ ọdún ni ó sì ń pinnu.

Quiz ni àbíkẹ́yìn, kò sì sí amòye tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà nípa orísun rẹ̀. Ní ìparí ọ̀rúndún 18, ẹni tí ìṣe rẹ̀ pa ènìyàn lẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀rúndún 19 ni àwọn ará Amẹ́ríkà sọ ọ́ di ìbéèrè wéréwéré ti olùkọ́. Ẹ̀rín kò tíì kúrò lára rẹ̀.

Assessment ni ó jinlẹ̀ jù. Assidere ni kí a jókòó ti ẹlòmíràn, bí olùbádámọ̀ràn ti í jókòó ti adájọ́. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1982, a ní kí a máa ka iṣẹ́ ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ọjọ́ kan ṣoṣo má baà dá a lẹ́jọ́. Ọ̀gá alágbẹ̀dẹ ti mọ èyí tipẹ́: kì í dúró di ọjọ́ tí yóò tú ọmọ-iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó tó mọ̀ bóyá ó lè fínná. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ iléèwé, test méjì mẹ́ta tí a kó pọ̀ ni à ń pè ní assessment. Ìkòkò ni a gbé kalẹ̀, a wá ń pè é ní àga. Kódà ìgbéléwọ̀n, tí àwọn olùkọ́ Yorùbá ń lò fún un, ìwọ̀n ni ó wà nínú rẹ̀, kò sí àga.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa. Àwa ti rí ọmọ tí ó dáhùn geere lánàá, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lónìí, nítorí pé a pe ìbéèrè mẹ́wàá ní exam. Bí ìkòkò ni, ẹ jẹ́ kí a pè é ní ìkòkò. Bí ìwọ̀n ni, kí ọmọ mọ̀ ṣáájú. Bí ó bá sì jẹ́ assessment ni a pè é, ẹ jẹ́ kí a fa àga, kí a jókòó tì í.