Ìtàn tó wà nínú ife: Bí wìsikí Scotland ṣe kúrò lọ́wọ́ fàyàwọ́

  Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ, ọ̀rọ̀ tòní rèé ní kíkọ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 18, ìtàn nìkan ni tìrẹ níbí o. Ife kì í ṣe tìrẹ.

Ní alẹ́ Sátidé kan, èmi àti ọ̀rẹ́ mẹ́ta dáwó jọ, a ra ìgò wìsikí mẹ́ta. Ẹ má rò pé a ti lówó. Ó tó oṣù méjì tí a fi tọ́jú owó náà. Glenfiddich ọlọ́dún 12 ni àkọ́kọ́, Macallan ọlọ́dún 12 tó gbé inú àgbá sherry ni ìkejì, Laphroaig ọlọ́dún 10 ni ìkẹta. A bu díẹ̀díẹ̀ sínú ife, a gbóòórùn rẹ̀ kí a tó fi kan ẹnu, a sì kán omi díẹ̀ sí i. Àkọ́kọ́ ń ta sánsán bí èso tútù. Ìkejì dà bí kéèkì Kérésìmesì tó kún fún èso gbígbẹ. Nígbà tó kan ìkẹta, ọ̀rẹ́ mi kan yára gbé ife jìnnà sí imú, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló da Izal sí èyí?"

A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kò fi mí sílẹ̀. Ọkà báálì, omi àti ìwúkàrà ni wọ́n fi ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ti wá. Kí ló dé tí wọn kò jọra rárá? Ìdáhùn tí mo rí ni pé ìtàn ló wà nínú ife yẹn: ohun ìdáná tí àwọn tálákà rí lò, àgbá tí oníṣòwò ti lò tán, àti owó orí tí ìjọba fẹ́ gbà.

Kí ni single malt gan-an?

Wọ́n á rẹ ọkà báálì sómi títí yóò fi hù, bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe àgbàdo tí wọ́n fi ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi omi gbígbóná fa adùn rẹ̀ jáde, wọ́n á wá fi ìwúkàrà sí i kó lè di ọtí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sè é nínú ìkòkò bàbà ńlá. Ooru rẹ̀ á gòkè, á tutù, á sì ro sílẹ̀ ní ọtí líle. Òfin ní ó gbọ́dọ̀ lo ọdún mẹ́ta, ó kéré tán, nínú àgbá igi óákù ní Scotland. "Single" yẹn túmọ̀ sí pé ilé ìpọntí kan ṣoṣo ló ti wá.

Ọtí yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1494, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé owó ìjọba Scotland pé kí wọ́n fún Friar John Cor ní ọkà mọ́ọ̀tì kó fi ṣe "omi ìyè" fún ọba. Ìtumọ̀ orúkọ tí àwọn ará Scotland ń pè é ní èdè Gaelic náà nìyẹn, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ "whisky" ti wá.

Èéfín àwọn tí kò ní igi

Izal tí ọ̀rẹ́ mi gbóòórùn rẹ̀, èéfín ni. Erékùṣù Islay ni Laphroaig ti wá, igi kò sì pọ̀ níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ní ni píìtì, ìyẹn koríko àti ewé tó ti jẹrà sínú irà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Wọ́n á gé e bíi búlọ́ọ̀kù, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á fi dáná. Òun ni wọ́n fi ń gbẹ ọkà, èéfín rẹ̀ sì wọ inú ọkà lọ. Ní Speyside, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í kó èédú dé, èéfín inú wìsikí wọn dín kù. Nítorí náà, ohun tí àwọn ènìyàn ń san owó gọbọi fún lónìí, àìní ló bí i.

Owó orí àti fàyàwọ́

Ní ọdún 1644, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Scotland fi owó orí lé ọtí líle. Bí owó orí náà ṣe ń ga sí i lẹ́yìn ìgbà yẹn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ ń sá lọ pọn ọtí sínú àfonífojì. Fàyàwọ́ di iṣẹ́. Kódà nígbà tí Ọba George Kẹrin ṣèbẹ̀wò sí Edinburgh ní ọdún 1822, wìsikí Glenlivet tí kò ní ìwé àṣẹ ló bèèrè fún!

Ní ọdún 1823, ìjọba yí ọgbọ́n padà. Wọ́n dín owó orí kù, wọ́n sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ pọn ọtí wá gba ìwé àṣẹ ní pọ́n-ùn 10. Ní 1824, àgbẹ̀ kan ní Glenlivet, George Smith, gbà á. Inú bí àwọn aládùúgbò rẹ̀ tó ṣì ń ṣe fàyàwọ́, wọ́n ní àwọn yóò jó ilé ìpọntí rẹ̀. Ìbọn ìléwọ́ méjì ló ń gbé kiri kó má baà kú. Lónìí, orúkọ Glenlivet wà káàkiri ayé.

Ní 1830, Aeneas Coffey, ará Ireland tó ti ṣiṣẹ́ agbowó-orí rí, gba ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ tó ń ṣe ọtí olówó pọ́ọ́kú láìdúró. Àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í lú ọtí ẹ̀rọ yìí mọ́ single malt, àpòpọ̀ náà ló sì gba ọjà. Ó di ọdún 1963 kí Glenfiddich tó gbìyànjú láti ta single malt gidi fún àwọn ará òkèèrè.

Kéèkì inú Macallan ńkọ́? Láyé àtijọ́, inú àgbá ni wọ́n máa ń kó wáìnì sherry láti Sípéènì wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí àgbá bá ti ṣófo, àwọn onísìkí Scotland á rà á. Àgbá tí a ti lò rí ló di adùn.

Tiwa ńkọ́?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí nìyí. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà tó fún George Smith ní ìwé àṣẹ ló wá ṣàkóso wa. Owó orí lórí jìnì tí wọ́n ń kó wọlé jẹ́ apá ńlá nínú owó tí ìjọba amúnisìn ń rí ní Gúúsù Nàìjíríà. Ní ọdún 1919, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn Saint-Germain tó ka ṣíṣe ọtí líle léèwọ̀ ní apá tó pọ̀ nínú Áfíríkà. Ògógóró, tí a ń fi emu ṣe nínú ìkòkò àti páìpù bíi tiwọn, di ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ ìdí rẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni.

Ohun tó bá ń sá pamọ́, ta ni yóò tọ́jú rẹ̀ fún ọdún 12? Ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò? Ní ọdún 2015, ọtí abẹ́lé tí methanol wà nínú rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Rivers. N kò sọ pé òfin àtijọ́ ló pa wọ́n. Mo ń sọ pé ní Scotland, ìjọba gbà kí fàyàwọ́ jáde síta, kó kọ orúkọ rẹ̀ sára ìgò. Tiwa kò rí àyè yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nítorí náà, bí ẹ bá tún rí ẹni tó ń gbóòórùn wìsikí bí olóyè, ẹ bi í pé ṣé ó mọ̀ pé ọtí àwọn arúfin ló ń mu. Kí ẹ sì bi bàbá àgbà yín léèrè: ògógóró ibo ló dára jù nígbà èwe wọn, báwo ló sì ṣe rí lẹ́nu? Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ lórí fóònù, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. Ẹni tó bá máa mu, kó mu ún níwọ̀n. Ẹni tó bá ti mu, kó má wa ọkọ̀.

Ó dìgbà o.