Ẹgbẹ́ Olórin BLO àti Ọ̀rọ̀ Ìgbàgbé

Lẹ́yìn tí Berkley Jones àti Laolu Akins ti bá Ginger Baker ṣeré nínú ẹgbẹ́ Salt, àwọn méjèèjì pẹ̀lú Mike Odumosu dá BLO sílẹ̀ ní Èkó ní 1972. Chapter One, àwo rọ́ọ̀kì saikẹdẹ́líìkì wọn, jáde ní 1973. Ní 2001 ni ilé-iṣẹ́ Strut ní Lọ́ńdọ̀n ṣa orin wọn jọ sínú àwo Phases 1972–1982. Láti ìgbà náà, ó rọrùn láti pè wọ́n ní ẹgbẹ́ tí ayé ti gbàgbé. Ayé wo? Àwo ni ó di ọ̀wọ́n. Àwọn tí ó ṣe é kò sọnù. Akins, onílù wọn, ni ó darí gbígba ohùn Afro-Juju Series 1 tí Shina Peters gbé jáde ní 1989, àwo tí ó gba òde àríyá kan nígbà náà. Òpìtàn tí ó bá ti Lọ́ńdọ̀n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí yóò ka 1982 sí òpin ìtàn náà.