Ògbómọ̀ṣọ́ àti Àgọ́-Ọjà: Ìlú Ìsádi

Nígbà tí ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ ń tú láàárín 1820 sí 1840, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Àgọ́-Ọjà, tó di Ọ̀yọ́ òní, wà lára ibi tí àwọn tí ogun lé nílé sá sí. Ẹni tó bá ti wo fíìmù Hotel Rwanda (2004), nípa òtẹ́ẹ̀lì Kigali tí èèyàn forí pamọ́ sí nígbà tí wọ́n ń pa àwọn Tutsi ní 1994, lè fi wé e. Àmọ́ níbí, kò sẹ́ni tó fẹ́ run ẹ̀yà kan. Agbára àti ẹrú ni wọ́n ń jà lé lórí, Yorùbá sì ń kó Yorùbá.

Lẹ́yìn ikú Àfọ̀njá, olórí Ìlọrin tó jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ìyẹn olórí ogun Ọ̀yọ́, Tóyèjẹ, baálẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́, gba ipò náà. Ó gbógun ti Ìlọrin, tí àwọn Fúlàní ti gbà, wọ́n sì ṣẹ́gun rẹ̀ ní Ògèlè. Ìlú tí kò lódi gidi kò lè dúró de àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin mọ́. Ebi náà pa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nínú ogun Mùgbámùgbá tó tẹ̀ lé e, èso irúgbá ni wọ́n ń jẹ. Ìlọrin kò rí Ògbómọ̀ṣọ́ kó, nítorí náà ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ gbà lọ. Wọ́n kó òrìṣà wọn dání, àti oríkì orílẹ̀. Títí dòní, ìyá àgbà lè máa fi oríkì Ìkòyí, ìlú tí ogun fọ́, ki ọmọ tí wọ́n bí sí Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi, dé ibẹ̀ ní 1855, ó fojú bù ú pé èèyàn ìlú náà tó 25,000.

Ti Àgọ́-Ọjà yàtọ̀. Lẹ́yìn tí Aláàfin Olúéwù kú sógun Ẹlẹ́dùwẹ̀ tí wọ́n bá Ìlọrin jà, Ọ̀yọ́-Ilé, olú-ìlú àtijọ́, dahoro, Àtìbà, ọmọ Aláàfin Abíọ́dún, sì gorí oyè ní Àgọ́-Ọjà. Samuel Johnson, pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́ tó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, kò fi bò pé Àtìbà fipá kó àwọn ará ìlú tó wà nítòsí wá kún ìlú tuntun náà. Àkéètàn àti Ajàgbà, tó di àdúgbò ní Ọ̀yọ́ lónìí, wà lára wọn. Ẹni tó bá ń pe Àtìbà ní olùgbàlà nìkan, ìdajì ìtàn ló ń sọ.

Ọ̀yọ́-Ilé fúnra rẹ̀ kò ní olùgbé mọ́. Inú Old Oyo National Park ló wà, olú-iṣẹ́ ọgbà náà sì wà ní Ọ̀yọ́ tuntun.